Ọ̀nà Tí Ebi Ń Pa, Ta Ní Ń Gbé Oúnjẹ Fún Un?

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Láti nǹkan bí ọdún 1911, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin wọ Kánò, tí ìjọba Òyìnbó sì la ìgboro kan sílẹ̀ ní ẹ̀yìn odi fún àwọn àlejò tí ó bá irin náà wá láti ìhà gúúsù, tí àwọn Hausa sì sọ ibẹ̀ ní Sabon Gari, èyíinì ni ìlú tuntun, ni àwọn ará wa tí ń gbé ibẹ̀ ti ń fi ẹsẹ̀ wọn túmọ̀ òwe yìí láti ìran dé ìran. Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ láti aṣálẹ̀, tí ètè ń là, tí eruku sì bo òrùlé Kánò, ìlú tí àwọn onílé ń kì ní inú erin nítorí pé kò sí ẹrù tí kò gbà, ẹni tí ó bá gba páàkì New Road kọjá ní ìrọ̀lẹ́ yóò rí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, ọmọ Ọ̀ffà Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún àti ọmọ Ìlọrin Àfọ̀njá, bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ adaidaita-sahu, ẹni tí ó gbé àpò àlùbọ́sà, ẹni tí ó di kìlíṣí àti dàbínù sínú ọ̀rá, ẹni tí ó pọn ọmọ, ẹni tí ó fa ọmọ lọ́wọ́, tí gbogbo wọn ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn délé kí ọdún tó pé. Ní ọdún Iléyá pẹ̀lú, bákan náà ni. Orúkọ ọdún náà fúnra rẹ̀ ti ń ké sí ni pé ilé ti yá.

Inú wa dùn sí ìrìn yìí, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ mọ́ ti sọnù, bí ó tilẹ̀ kọ́ ilé mẹ́wàá sí ìdálẹ̀. Kì í ṣe láti dá ẹnikẹ́ni dúró ni a ṣe gbé kálámù wa lónìí. Ohun tí ó ká wa lára ni pé, nínú àwọn tí ó ń jáde ní páàkì pẹ̀lú ẹ̀rín lọ́dọọdún, a kì í rí àwọn kan mọ́, ilé tí wọ́n ń lọ kò rí wọn, Kánò tí wọ́n ti kúrò kò sì rí wọn kí ó kí wọn káàbọ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ bá kún tán, kí awakọ̀ tó ṣí i, ẹnìkan a dìde láti gbàdúrà; Mùsùlùmí a ṣe tirẹ̀, ọmọlẹ́yìn Kristi a ṣe tirẹ̀, gbogbo ọkọ̀ a sì ṣe àmín. Bí àgbàlagbà kan bá wà láàárín wọn, a fi àdúrà àwọn bàbá wa kún un, pé kí a má rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àdúrà ńlá ni, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ẹni tí ó ṣe àmín kì í sábà béèrè: ọ̀nà tí a ní ebi ń pa yìí, ta ní kọ́ ọ ní ẹran jíjẹ? Ọ̀dà ni ọ̀nà, òkúta àti yanrìn ni. Kò ní ẹnu, kò ní eyín, kò ní ikùn tí ìyàn í mú. Ohunkóhun tí ó bá jẹ, àwa ni a sè é, àwa ni a bù ú sáwo, àwa náà ni a sì gbé e ka iwájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Àwọn eléré ìdárayá ìpínlẹ̀ Kánò àti àwọn tí ń tọ́jú wọn lọ sí ìpínlẹ̀ Ògùn fún ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè tí a ṣe ní Abẹ́òkúta, wọ́n sáré, wọ́n fò, wọ́n ṣe ohun tí ìlú rán wọn, wọ́n sì ń padà bọ̀ nílé. Ọ̀nà tí àwọn ará Sabon Gari ń tọ̀ lọ síbi ọdún ni wọ́n ń tọ̀ bọ̀. Wọ́n la ilẹ̀ Yorùbá já, wọ́n rin òru, wọ́n kọjá Kàdúná, wọ́n kọjá Zaria, ó wá ku nǹkan bí 50 kìlómítà kí wọ́n wọ Kánò, ọkọ̀ wọn sì já bọ́ láti orí afárá Dakatsalle ní agbègbè Chiromawa. Ènìyàn 22 ni ó ṣòfò. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e ní ọjọ́ ọ̀fọ̀, àwọn aláṣẹ sì sọ ohun tí wọ́n fura sí: àárẹ̀ awakọ̀ lẹ́yìn ìrìn-àjò gígùn, tàbí eré àsápajúdé. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ibi tí ọ̀nà ti ṣàjèjì sí wọn ni ikú ti pàdé wọn. Ẹnu ọ̀nà ilé ni, níbi tí ara ti ń rọ ènìyàn, tí ó ti ń wí nínú ara rẹ̀ pé, a ti dé tán.

Ẹni tí ebi ń pa mọ̀ pé ebi ń pa òun, ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí oorun ń kùn kò lè mọ ìgbà tí ó sùn, àfi ìgbà tí ó bá jí. Ọkọ̀ tí ó ń sá 90 kìlómítà ní wákàtí kan, èyí tí òfin gbà fún ọkọ̀ èrò lójú ọ̀nà márosẹ̀, ń lọ mítà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan; bí ojú awakọ̀ bá pa dé fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin péré, ọkọ̀ náà ti rin 100 mítà, tí í ṣe gígùn pápá bọ́ọ̀lù, láìsí ẹni tí ń tọ́ ọ, pẹ̀lú àádọ́ta ọmọ ènìyàn nínú rẹ̀. Obì tí awakọ̀ ń họ jẹ àti kọfí tí ó ń mu lójú ọ̀nà ń bẹ oorun pé kí ó dúró díẹ̀ ni, wọn kò lé e lọ. Ọtí àti paraga tí a ń tà ní ẹ̀gbẹ́ páàkì ní tiwọn sì ń ránṣẹ́ pè é ni. Oògùn kan ṣoṣo tí Elédùmarè dá fún oorun ni kí a sùn.

Àwọn bàbá wa mọ èyí. Ní ayé ìgbà tí kò sí ọkọ̀, tí àwọn oníṣòwò obì ń fi ẹsẹ̀ àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wá sí Kánò, wọn kì í rìn títí tí ẹsẹ̀ yóò fi kọ̀. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, wọn a dé zango, ibùdó tí èrò ti ń sọ ẹrù kalẹ̀, wọn a dáná, wọn a sùn, ó di àárọ̀ kí wọ́n tó tún gbéra. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n fi ń rin ohun tí àwa ń fi ọ̀sán kan àti òru kan rìn, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Lẹ́yìn wọn ni ọkọ̀ ojú irin dé, tí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ní Kánò lè sùn, kí ó jí, kí ó tún sùn, kí ó tó dé Ọ̀ffà. Nísinsìnyí tí irin kò gbé èrò bí ti àtijọ́ mọ́, gbogbo ẹrù àti gbogbo èrò ti di ti títì, a sì ti pa zango rẹ́ kúrò nínú ìrìn wa.

Ta ni ó pa á rẹ́? Ọwọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, owó ọkọ̀ a gòkè, èrò a sì pọ̀ ju ọkọ̀ lọ. Ọlọ́kọ̀ a wá fẹ́ kí ọkọ̀ tí ó já èrò sílẹ̀ ní Èkó ní òwúrọ̀ tún kó èrò mìíràn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kí ó sì kọrí padà sí Kánò lábẹ́ ọwọ́ awakọ̀ kan náà tí kò tíì fojú kan oorun. Òun ni ọwọ́ kìíní. Àwa èrò ni ọwọ́ kejì, nítorí pé oníṣòwò ọjà Sabon Gari a máa fẹ́ ta ọjà di ìrọ̀lẹ́, kí ó ti ìsọ̀, kí ó wọ ọkọ̀ òru, kí ilẹ̀ mọ́ bá a ní ìlú rẹ̀, kí ọjọ́ ọjà kan má baà ṣòfò; ọkọ̀ tí ó bá ní òun yóò sùn lọ́nà ni a ó kọ̀, tí a ó lọ wọ èyí tí awakọ̀ rẹ̀ ń fọ́nnu pé eré òun kò lẹ́gbẹ́. Ọwọ́ kẹta, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ni, ẹ má bínú sí wa. Ẹ̀yin ni ẹ ń fi ọjọ́ ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà sí òwúrọ̀ kùtù Sátidé, tí ẹ sì ń wí pé ọmọ tí kò bá bá a kò fẹ́ràn ẹbí. Ẹ̀yin ni ẹ ń tẹ aago láti aago mẹ́wàá òru, ibo lẹ dé, ẹ kò tíì dé Ìlọrin ni? Ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ ara rẹ̀ a gbọ́ ìpè náà, a sì fi kún eré rẹ̀.

A mọ èsì tí a ó fọ̀. A ó ní ẹ̀rù àwọn ajínigbé ni kì í jẹ́ kí awakọ̀ dúró sinmi. Òótọ́ ni. Ẹni tí ó bá rántí bí àwọn apániláyà ti kọlu ọkọ̀ ojú irin tí ó ń bọ̀ láti Àbújá sí Kàdúná ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022, tàbí tí ó mọ ìdí rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fi pa ọ̀nà Birnin Gwari sí Tegina tì, tí wọ́n fi ń yí gba Àbújá àti Lọ́kọ́ja, kò ní fi ìbẹ̀rù awakọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń bẹ̀rù igbó kì í wọ̀ ọ́ lóru. Bí ewu bá wà lójú ọ̀nà, òwúrọ̀ ni ó yẹ kí a fi la ibẹ̀ kọjá, kí a sì wọ̀ sí ìlú tí ó ní ẹ̀ṣọ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú; eré òru kò gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ajínigbé tí ó fi igi dí ọ̀nà.

Eré náà pàápàá, èrè wo ni a ń jẹ nínú rẹ̀? Láti Kánò sí Zaria jẹ́ nǹkan bí 160 kìlómítà. Ẹni tí ó bá sá 90 yóò fi ìṣẹ́jú 107 dé ibẹ̀, ẹni tí ó bá sá 120 yóò fi 80 dé. Ìṣẹ́jú 27 ni gbogbo ohun tí asárétete rí kó, èyí tí kò ju àkókò tí onísúyà fi ń yan ẹran fún oníbàárà mẹ́ta lọ. Àwọn àgbà ní arìngbẹ̀rẹ̀ ni yóò moyè jẹ, asárétete kò ní róyè jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé fi òǹkà sọ ohun kan náà, pé bí eré ọkọ̀ bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ewu ìjàmbá tí í la ikú lọ a fi ìdá mẹ́rin pọ̀ sí i.

Oorun àti eré kọ́ ni oúnjẹ kan ṣoṣo tí a ń sè fún ọ̀nà. Táyà tókúńbọ̀ tí ó ti gbó kí ó tó gun ojú omi, tí a kùn ní dúdú kí ó lè máa dán, tí oòrùn Kánò sì ń sè é lórí ọ̀dà, oúnjẹ ni. Ẹni tí ó bá mọ̀wé kà lè tẹ̀ ba kí ó wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó wà lára rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí a ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sì ti kìlọ̀ pé táyà tí ó bá ti lé ní ọdún mẹ́rin ti di arúgbó. Ẹni mẹ́rin tí a rọ sórí ìjókòó ẹni mẹ́ta, oúnjẹ ni. Ọmọ ènìyàn tí a tò sórí ẹrù tírélà pẹ̀lú màlúù nítorí pé owó rẹ̀ dín, oúnjẹ ni. Ọkọ̀ sóólè tí kò kọ orúkọ èrò kankan sílẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá dojú dé kò sí ẹni tí yóò mọ ilé tí a ó ránṣẹ́ sí, oúnjẹ ni. Nígbà ọyẹ́ pẹ̀lú, tí eruku nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi rí afárá títí a ó fi gùn ún, tírélà tí ó kú sáàárín títì láìní iná ẹ̀yìn, tí wọ́n fi ewé lásán ṣe àmì rẹ̀, ti gbé ikòkò kaná.

A kò gbàgbé ẹ̀bi ìjọba. Iṣẹ́ àtúnṣe ọ̀nà Àbújá sí Kánò tí a gbé jáde ní ìparí ọdún 2017, abala rẹ̀ láti Àbújá dé Kàdúná ṣì wà láìparí nígbà tí ọdún 2024 ń lọ sópin, tí ọkọ̀ tí ń lọ àti ọkọ̀ tí ń bọ̀ sì ń dojú kọ ara wọn lójú ọ̀nà kan náà ní àwọn ibi tí a ti dí apá kejì. Ìjọba tí ó bá fẹ́ kí ará ìlú rin ní ẹ̀sọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún un ní ọ̀nà tí ó ṣe é rìn. Ṣùgbọ́n òfin kò wọ́n wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó ti fi ọ̀rọ̀ Ògún àti ti ojú ọ̀nà kọ ìwé ká ayé, kò jókòó ti àdúrà lásán: láti Yunifásítì Ifẹ̀ ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1977, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti gbogbo orílẹ̀-èdè, FRSC, sílẹ̀ ní ọdún 1988, òun ni wọ́n fi ṣe alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà ni òfin bẹ́líìtì, òfin eré, àti ẹ̀rọ tí í dín eré ọkọ̀ èrò kù ti ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, ní ọdún 2024 nìkan, ẹ̀mí tí ó ju 5,000 lọ ni ó bọ́ lójú títì ilẹ̀ wa, ní ti òǹkà àjọ náà fúnra rẹ̀. Òfin tí a kọ tí a kò tẹ̀ lé dà bí agbòjò tí a ká mọ́ abíyá nígbà tí òjò ń pa wá.

Àwọn ará Sabon Gari kì í ṣe ẹni tí ikú ṣàjèjì sí. Ní páàkì New Road kan náà tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni bọ́ǹbù ti bú gbàmù láàárín àwọn ọkọ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2013, tí èrò tí ó jókòó sínú ọkọ̀, tí wọ́n ti sanwó, tí wọ́n sì ti ra omi sọ́wọ́, kò fi dé ibi tí wọ́n ń lọ. Àwọn tí ó yè é ń dúpẹ́ títí dòní. Kò wá yẹ kí ẹni tí bọ́ǹbù kò rí pa wá ti ọwọ́ táyà ẹgbẹ̀rún díẹ̀ náírà kú. Sí bọ́ǹbù, èrò kò ní agbára. Sí awakọ̀ tí ń tòògbé, agbára wà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹnu náà ni a sì ń bẹ̀ kí ó là. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àwa Yorùbá a máa bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó di ìdarí mú, a kò sì fẹ́ kí a sọ pé ọmọdé ni ó ń kọ́ àgbà ní iṣẹ́ rẹ̀; àádọ́ta ènìyàn a wà nínú ọkọ̀, ojú gbogbo wọn a rí i pé orí awakọ̀ ń ré wálẹ̀, wọn a máa wo ara wọn, wọn a máa pe orúkọ Ọlọ́run lábẹ́lẹ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò wí pé, ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ bọ́jú. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi kí a fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà ni a ó fi sọ ọ́. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ẹni tí ó ń wà wá lọ kì í tilẹ̀ ṣe ará ilé lásán, inú ikòkò kan náà ni a jọ wà. Kí ìyá àgbà sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀, kí ọ̀dọ́mọkùnrin sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí gbogbo ọkọ̀ sì gbè é lẹ́sẹ̀. Bí awakọ̀ bá fi orí kunkun, nọ́ńbà 122 ti FRSC wà fún pípè, owó kì í sì í jẹ lórí rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí àwọn ọlọ́kọ̀ má ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ kankan tí ń lọ sí ilẹ̀ Yorùbá kúrò ní Sabon Gari láìní awakọ̀ méjì, kí èyí tí kò sí nídìí ìdarí sì máa sùn. Kí àwọn olórí páàkì ka orúkọ èrò àti nọ́ńbà ará ilé wọn sínú ìwé, kí wọ́n wo táyà kí wọ́n tó wo owó. Kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, tí wọ́n mọ bí a ti ń kó owó jọ fún gbọ̀ngàn ìlú, háyà ọkọ̀ tiwọn ṣáájú ọdún, kí wọ́n mú ọjọ́ tí ó ṣáájú ogunlọ́gọ̀, kí wọ́n sì wá ibi tí èrò wọn yóò sùn sí lọ́nà. Kí àlùfáà àti pásítọ̀ tí ń gbàdúrà fún arìnrìn-àjò fi ìkìlọ̀ kún àmín. Kí ẹ̀yin tí ẹ wà nílé sún àpèjẹ sí ọ̀sán, kí ẹ sì fi aago yín sílẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi dúró.

A padà sí àdúrà àwọn bàbá wa. Ẹ tún un gbọ́ dáradára: wọn kò gbàdúrà pé kí ebi má pa ọ̀nà láé, wọn kò sì ní kí a má rìn, pé kí a má rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa á ni wọ́n wí. Àwọn tí ó kọ́kọ́ gba àdúrà náà a máa bi Ifá léèrè ọjọ́ àjò, bí ọjọ́ kò bá sì dára, wọn a tú ẹrù, wọn a sùn di ọjọ́ kejì. Ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà kò ṣòro mọ̀ láyé tiwa: ọjọ́ tí awakọ̀ kò sùn ni, ọjọ́ tí táyà ti gbó ni, ọjọ́ tí ọyẹ́ bo afárá mọ́lẹ̀ ni, òru tí a ń sáré nítorí pé ilé kù sí dẹ̀dẹ̀ ni. Bí a bá rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ní páàkì New Road, kí a gbé ẹrù wa sọ̀kalẹ̀, kí a padà sílé lọ sùn. Àlùbọ́sà kò ní bàjẹ́ ní òru kan, ilé bàbá wa kò sì ní ṣí kúrò níbi tí ó wà.